Bí a Ṣe Ń So Ọwọ́ Tọkọtaya Pọ̀ ní Ìlànà Skọ́tláǹdì àti Áyálàǹdì

Handfasting ni orúkọ ètò tí tọkọtaya ti ń di ọwọ́ ara wọn mú níwájú ẹlẹ́rìí, tí wọ́n ń jẹ́jẹ̀ẹ́, tí ẹnì kan sì ń fi okùn tàbí ríbọ́ọ̀nù so ọwọ́ náà pọ̀. Nínú gbogbo àṣà ìgbéyàwó tí wọ́n ń pè ní ti Celtic, ìyẹn ti àwọn ará àtijọ́ Skọ́tláǹdì, Áyálàǹdì àti Wélsì, òun ni ojú kọ́kọ́ ń lọ sí. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ ọmọ Glasgow ní Skọ́tláǹdì tàbí ọmọ Galway ní Áyálàǹdì lè gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àna rẹ̀, wọ́n sì lè ní kí ìyá ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n ọkọ wá fọwọ́ ara rẹ̀ so okùn náà. Iṣẹ́ náà kò le. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ibi tó ti máa ń dàrú, iwájú gbogbo àlejò ni yóò sì ti dàrú, ìdí nìyí tí a fi to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ.

Ibi tí àṣà náà ti ṣẹ̀ wá

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìtàn, nítorí òun ni yóò jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́ gbòǹgbò nínú ètò náà àti èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́.

Àwọn tó ń ta okùn handfasting fẹ́ràn láti sọ pé láti ayébáyé ni àwọn Celtic ti ń fi okùn di ọwọ́ ìyàwó mọ́ ti ọkọ. Àkọsílẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àkọsílẹ̀ àtijọ́ ní Skọ́tláǹdì ń sọ ni pé ọkùnrin àti obìnrin á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á sì sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ìgbéyàwó. Bí ọkùnrin bá ní "mo fẹ́ ọ báyìí", tí obìnrin náà sì dá a lóhùn bákan náà, wọ́n ti di tọkọtaya lójú òfin ìjọ ayé ìgbà náà, àlùfáà ì báà má sí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ "màá fẹ́ ọ" ni wọ́n sọ, àdéhùn lásán ni. Àmọ́ bí wọ́n bá sùn pọ̀ lẹ́yìn àdéhùn yẹn, ó ti di ìgbéyàwó.

Ìjọ Àgùdà fòpin sí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1563, níbi ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní ìlú Trent ní Ítálì, wọ́n pàṣẹ pé àlùfáà àti ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Skọ́tláǹdì ti kúrò lábẹ́ àṣẹ Póòpù ní 1560, nítorí náà òfin tuntun yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ti àtijọ́ ni wọ́n ń lò títí di 1 Oṣù Keje 1940. Òun ló sọ abúlé Gretna Green, tó wà ní Skọ́tláǹdì létí ààlà Íńgíláǹdì, di olókìkí. Ní 1754, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Íńgíláǹdì tó ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò lè gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ni àwọn ọ̀dọ́ bá ń sá kọjá ààlà. Wọ́n á dé Gretna, wọ́n á sọ̀rọ̀ wọn lójú ẹlẹ́rìí méjì nídìí irin tí alágbẹ̀dẹ ń lu nǹkan lé lórí, ó sì parí. Kó tó di pé bàbá ìyàwó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọ̀rọ̀ "ọdún kan àti ọjọ́ kan" ńkọ́? Ẹ óò gbọ́ ọ dáadáa: pé láyé àtijọ́, tọkọtaya máa ń gbé pọ̀ fún ọdún kan àti ọjọ́ kan, bí kò bá wọ̀, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Arìnrìn-àjò kan, Thomas Pennant, kọ irú ìtàn yìí sílẹ̀ nípa ọjà kan ní Eskdale, ní gúúsù Skọ́tláǹdì, lẹ́yìn ìrìn àjò rẹ̀ ní 1772, ó sì tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀. Ní 1958, onímọ̀ òfin A. E. Anton tú ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, ó sì rí i pé kò sí ẹ̀rí pé òfin Skọ́tláǹdì fàyè gba ìgbéyàwó àdánwò rí. Àdéhùn ìgbéyàwó ni àwọn èèyàn ṣì gbọ́. Ní àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn, ọ̀ràn náà yàtọ̀ díẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní erékùṣù Iona ní ọdún 1609 bu ẹnu àtẹ́ lu ìgbéyàwó tí wọ́n ń dá ọdún fún, a kì í sì í ka èèwọ̀ lé ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Ní Áyálàǹdì, ìwé òfin kan wà láti nǹkan bí ọdún 700, Cáin Lánamna ni orúkọ rẹ̀, tó pín ìsopọ̀ ọkùnrin àti obìnrin sí oríṣi-oríṣi nípa ẹni tó mú dúkìá wá: àwọn méjèèjì, ọkọ nìkan, tàbí ìyàwó nìkan. Dúkìá àti ẹ̀tọ́ ni ìwé yẹn ń bá wí.

Okùn tí a mọ̀ lónìí gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún, lọ́wọ́ àwọn tó ń jí ẹ̀sìn àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù dìde. Èyí kò bu ẹwà rẹ̀ kù. Ó dùn ún wò, ó sì ń jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí méjì fọwọ́ kan ohun kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹ̀jẹ́ ló ṣáájú, okùn ló gorí wọn. Nígbàkigbà tí ẹ bá ń yàn láàárín ohun tó máa jẹ́ kí okùn gbayì àti ohun tó máa jẹ́ kí ẹlẹ́rìí gbọ́ ẹ̀jẹ́ kí wọ́n sì rí ọwọ́, èkejì ni kí ẹ yàn. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ orí èyí ló dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ parí ìwé ìjọba kí ẹ tó ra okùn

Lónìí, okùn nìkan kò so ẹnikẹ́ni pọ̀ lójú òfin. Ní Skọ́tláǹdì, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú tọkọtaya á kún fọ́ọ̀mù M10 tirẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí rẹ́jísítírà agbègbè tí ètò náà yóò ti wáyé. Ó pẹ́ tán, kó dé ọwọ́ wọn ní ọjọ́ 29 ṣáájú ìgbéyàwó. Wọn kì í sì gbà á bí ó bá ju oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú. Ẹ má dúró de ọjọ́ 29 yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá ló fọkàn balẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ti kọ ọkọ tàbí aya sílẹ̀ rí, tàbí ẹni tí ìwé rẹ̀ ti òkè òkun wá. Ìwé ìbí ni wọn yóò béèrè, àti ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ìwé ikú ẹnìkejì àtijọ́ bí ó bá wà.

Ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ wá ṣègbéyàwó tí yóò sì padà sílé, Marriage Visitor visa ni kó gbà. Físà àbẹ̀wò lásán kò fàyè gba ìgbéyàwó. Ibí yìí ni owó ti máa ń ṣòfò jù: wọ́n ti sanwó gbọ̀ngàn, wọ́n ti pe àlejò, físà kò sì bá iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe mu.

Bí ẹlẹ́sìn tàbí ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ mìíràn, bí àwọn humanist (àwọn tí kì í fi ti Ọlọ́run ṣe ètò wọn), bá ni yóò darí ètò, rẹ́jísítírà á fún yín ní ìwé kan tí ń jẹ́ Marriage Schedule láàárín ọjọ́ méje tó ṣáájú ìgbéyàwó. Láìsí ìwé yìí níbẹ̀, olùdarí kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀jẹ́, tọkọtaya, olùdarí àti ẹlẹ́rìí méjì tó ti pé ọdún 16 yóò fọwọ́ sí i, ẹ ó sì dá a padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fún ẹnì kan tí kì í gbàgbé nǹkan ní iṣẹ́ ìdápadà yìí, kó má jẹ́ tọkọtaya fúnra wọn. Wọ́n lè ti wà nínú ọkọ̀ òfurufú.

Ohun tó dára nípa Skọ́tláǹdì ni pé òfin kò há ètò mọ́ inú ilé. Ẹ lè ṣe é létí òkun, lórí òkè, tàbí nínú ọgbà bàbá ìyàwó, bí olùdarí bá ti gbà. Láti 2005 ni ìgbéyàwó tí àwọn humanist ń darí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ní Íńgíláǹdì kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ ó kọ́kọ́ lọ ṣe ti rẹ́jísítírì, kí ẹ tó ṣe ti okùn ní ọjọ́ tó bá wù yín. Ní Áyálàǹdì, oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹ gbọ́dọ̀ fi tó rẹ́jísítírà létí, ẹ ó gba ìwé Marriage Registration Form, orúkọ ẹni tó ń so yín pọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìjọba. Ẹ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààràtà. Àwọn kan mọ okùn ún so dáadáa, wọn kò sì ní àṣẹ òfin kankan.

Ìgbésẹ̀ kejì: okùn

Mítà méjì sí méjì àbọ̀ ni gígùn tó dára. Ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú á gba díẹ̀ nínú rẹ̀, kókó á gba díẹ̀, ó sì yẹ kí ìrù tó máa rọ̀ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì tó nǹkan bí àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà, kí tọkọtaya lè rí i mú. Bí ó bá kúrú ju mítà kan ààbọ̀ lọ, ẹni tó ń so ó máa fa ọwọ́ wọn. Bí ó bá gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ilẹ̀ ni ìrù rẹ̀ á máa wọ́, bàtà ìyàwó á sì gùn ún.

Ríbọ́ọ̀nù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún ló rọrùn jù. Bí okùn ni ẹ fẹ́, kó má nípọn ju ìka ọmọńdinrín lọ. Èyí tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀, kókó rẹ̀ kì í fún, á kàn lanu sílẹ̀ ni. Òwú àti irun àgùntàn ló ń di ara wọn mú. Sátínì dán lójú, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀: ẹ ó so ó tán, kókó á tú fúnra rẹ̀ níwájú àlejò. Bí sátínì bá wù yín tipátipá, ẹ mú ẹyọ kan rẹ̀ mọ́ méjì tó jẹ́ irun àgùntàn, kí ẹ sì dì wọ́n pọ̀ bí a ṣe ń di irun. Dídì máa ń jẹ gígùn. Bí ẹ bá gé ẹyọ mẹ́ta ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ ó rí nǹkan bí mítà méjì lé díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán orí méjèèjì. Gọ́ọ̀mù kì í dúró lára irun àgùntàn.

Ìdílé ọkọ tó jẹ́ ará Skọ́tláǹdì lè mú tartan ìdílé wọn wá, ìyẹn aṣọ onílà tí àwọn ìlà rẹ̀ ń dábùú ara wọn. Ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀. Pé tartan kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ìdílé kan pàtó kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ìgbà tí Ọba George Kẹrin ṣàbẹ̀wò sí Edinburgh ní 1822 ni àwọn olóyè ń wá èyí tí wọn yóò pè ní tiwọn kiri. Síbẹ̀, igba ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan, ó ti di tiwọn. Ìdílé Yorùbá náà lè mú ìlà aṣọ òkè kan ṣoṣo wá, bó ṣe ti orí òfì bọ̀ kí wọ́n tó rán an mọ́ èkejì. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni ìbú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù fún kókó, nítorí náà ẹ ká a sí mẹ́ta ní gígùn, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ gán an láàárín. Etù àti sányán dára fún iṣẹ́ yìí. Èyí tó ní òwú dídán nínú máa ń ta èèyàn lọ́rùn ọwọ́, ó sì tún ń yọ̀.

Bí ìta gbangba ni ètò náà, ẹ rán ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó wúwo díẹ̀ mọ́ ìrù méjèèjì. Atẹ́gùn etíkun Skọ́tláǹdì kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ríbọ́ọ̀nù tí kò ní ìwúwo á fò lọ bá olùdarí lójú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ̀jẹ́

Oríṣi ẹ̀jẹ́ méjì ló wà nínú ètò yìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọnú ara wọn. Èkíní ni ti òfin: níwájú olùdarí àti ẹlẹ́rìí méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ pé òun gba ẹnìkejì ní ọkọ tàbí ní aya, olùdarí á sì kéde pé wọ́n ti di tọkọtaya. Ẹ sọ ọ́ ní èdè tí olùdarí àti ẹlẹ́rìí gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi Yorùbá tàbí Gaelic, èdè ìbílẹ̀ Skọ́tláǹdì àti Áyálàǹdì, tún un sọ, ó dára, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ti òfin tán.

Èkejì ni ti okùn, ìbéèrè àti ìdáhùn sì ló bá a mu jù, nítorí ẹni tí wọ́n so lọ́wọ́ kò lè di ìwé mú. Olùdarí á bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ óò máa sọ òótọ́ fún ara yín, bó tilẹ̀ korò?" Wọ́n á jùmọ̀ dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ìbéèrè mẹ́ta tó, márùn-ún ti pọ̀ tó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, apá á bẹ̀rẹ̀ sí ro wọ́n, ọwọ́ á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, okùn á sì yọ kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Bí ẹ bá fẹ́ kí òbí mẹ́rin kópa, ìbéèrè mẹ́rin ni kẹ́ ẹ kọ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fi ríbọ́ọ̀nù kan lé ọwọ́ náà lórí bí wọ́n bá ti dáhùn tirẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí àgbà tó bá fẹ́ súre lẹ́nu súre, ṣùgbọ́n ẹ bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kó mọ níwọ̀n, kó má di oríkì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìdúró àti ìtòtẹ̀léra

Kí tọkọtaya kọjú sí ara wọn, kí ẹ̀gbẹ́ wọn kọjú sí àlejò. Kí olùdarí dúró lẹ́yìn ọwọ́ wọn, ní ìhà tí kò sí àlejò, kó má fi ẹ̀yìn rẹ̀ dí wọn lójú. Ẹlẹ́rìí méjì dúró níbi tí wọ́n ti lè rí ọwọ́ náà kedere. Iṣẹ́ wọn nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n fi di ara wọn mú, ní ọ̀kánkán ìgbáròkó. Ọwọ́ òsì wà lómìnira, yóò sì wúlò láìpẹ́. Ẹlòmíràn á fẹ́ kí ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá ara wọn bí nọ́ńbà 8. Ó dára nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ kankan tó ṣẹ́kù láti fa okùn.

Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bọ́ aago ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́. Ẹni tó wọ agbádá, kó ti ká apá ọ̀tún sókè èjìká, kó má jẹ́ pé ìgbà tí okùn bá ti wà lọ́wọ́ ni apá aṣọ á wálẹ̀ bò ó. Òdòdó ìyàwó, kí ẹnì kan gbà á. Òrùka ni àwọn èèyàn ń gbàgbé jù: a kò lè fi òrùka sọ́wọ́ ẹni tí a ti so. Ẹ fi í ṣáájú okùn, tàbí kí ẹ fi í lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti jáde. Ìtòtẹ̀léra tó ń lọ geere ni: ẹ̀jẹ́ òfin, òrùka, okùn, ìkéde, ìfọwọ́sí ìwé, lẹ́yìn náà ife.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: síso

Àwọn kókó kan wà tí ń jọ idán, tí tọkọtaya á fa okùn tí kókó á dé. Ọ̀pọ̀ wọn sinmi lórí pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìrù tó tọ́, lọ́jọ́ tí ọkàn ń lù kìkì yẹn, wọn kì í mú èyí tó tọ́. Èyí tí a kọ síbí kì í já èèyàn kulẹ̀.

1. Ẹ wá àárín okùn kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi òwú kékeré kan sàmì sí i. Olùdarí á gbé àárín yẹn lé orí ibi tí ọrùn ọwọ́ méjèèjì ti sún mọ́ra, kí ìrù kan rọ̀ sí ìhà àlejò, kí èkejì rọ̀ sí ìhà tirẹ̀. Bí ríbọ́ọ̀nù bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n má gun ara wọn.

2. Lẹ́yìn ìdáhùn tó kẹ́yìn, olùdarí á kó àwọn ìrù náà pọ̀ nísàlẹ̀ ọwọ́. Á fi ìrù kan kọjá lórí èkejì, á tì í gba abẹ́ rẹ̀ jáde, bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìdí okùn bàtà. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má sì wé okùn yí ọwọ́ ká kí ẹ tó so ó. Ọwọ́ kò ní lè jáde.

3. Ẹ fa á títí tí okùn á fi kan awọ ara, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ padà títí tí ìka méjì á fi lè wọlé láàárín okùn àti ọwọ́. Bí ó bá fún, ọwọ́ ìyàwó á há. Bí ó bá dẹ̀ jù, àlejò kò ní rí i pé wọ́n so nǹkan kan.

4. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olùyàwòrán ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ súre súre. Ìkánjú níbí yìí ló ń ba ètò náà jẹ́ jù, nítorí nǹkan tí gbogbo èèyàn wá wò ni.

5. Olùdarí á fi ìrù kan sí ọwọ́ òsì ọkọ, èkejì sí ọwọ́ òsì ìyàwó. Kò pọn dandan kí wọ́n yàn. Bí wọ́n ti mú un dáadáa, wọ́n á rọra fa ọwọ́ ọ̀tún wọn jáde, oníkálukú sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

6. Wọ́n á jùmọ̀ fa ìrù méjèèjì. Òbìrí okùn náà á máa kéré, á kéré, títí á fi di kókó kan ṣoṣo láàárín. Olùdarí á gbé e sókè fún àlejò.

Bí kókó kò bá dé, ohun méjì ló ń fà á: okùn yọ̀ jù, tàbí olùdarí kò ti ìrù náà gba abẹ́ ara wọn jáde, ó kàn gbé wọn kọjá ara wọn lásán. Ẹ dán an wò nílé pẹ̀lú okùn yẹn gan-an, kì í ṣe okùn mìíràn, àti pẹ̀lú ẹni tó máa so ó gan-an.

Kókó náà kì í ṣe ohun à ń tú. Ẹ tẹ́ ẹ sínú àpótí pẹlẹbẹ, kí ẹ fi káńfọ̀ sí i bí ó bá jẹ́ irun àgùntàn, nítorí kòkòrò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ife quaich

Quaich ni ife ará Skọ́tláǹdì tó rí pẹrẹsẹ bí àwo, tó ní etí méjì tí a fi ń gbé e. Igi ni wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí ó tó di fàdákà. Pewter, irin kan tó jọ fàdákà, ló pọ̀ lónìí nítorí owó rẹ̀ kò wọ́n tó ti fàdákà. Wọ́n máa ń sọ pé ìdí tó fi ní etí méjì ni pé ọwọ́ méjì ni ẹni tó ń fi fúnni àti ẹni tó ń gbà á fi ń mú un, kò sì sí ọwọ́ tó ṣẹ́kù láti di ohun ìjà mú.

Ẹ bu wisikí tó tó ṣíbí ìmùkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i, kò yẹ kó jù bẹ́ẹ̀. Ife náà kò jìn, bí ó bá kún, aṣọ funfun ìyàwó ló máa mu ún. Ọkọ á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyàwó, ìyàwó á fi méjèèjì gbà á, á mu díẹ̀, á sì gbé e padà. Lẹ́yìn wọn, ó kan òbí. Ẹni tí kì í mu ọtí, ẹ má fi dandan mú un. Omi èso ápù dára, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti wisikí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Bí ọtí tàbí omi èso bá sùn mọ́ inú pewter, ó ń fi àpá sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọ-àwo sì ń ba á jẹ́ pátápátá.

Àwọn àṣà tí ẹ lè fi kún un

Òrùka Claddagh ti Galway ló lókìkí jù ní Áyálàǹdì: ọwọ́ méjì tó di ọkàn mú, adé lórí ọkàn. Láti nǹkan bí ọdún 1700 ni àwọn tó pẹ́ jù nínú èyí tó ṣẹ́kù ti wà, pẹ̀lú àmì alágbẹ̀dẹ wúrà Richard Joyce lára. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ ní ìtumọ̀. Ní ọwọ́ òsì, bí ẹnu ọkàn bá kọjú sí orí ìka, àfẹ́sọ́nà ni. Bí ó bá kọjú sí ọrùn ọwọ́, ó ti wọlé ọkọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi í sí ìyàwó lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ yí i padà kó tó tì í wọlé. Ẹ sọ fún ọkọ ìyàwó ṣáájú.

Òkúta ìbúra náà wà, tí tọkọtaya ń gbé ọwọ́ lé nígbà tí wọ́n bá ń jẹ́jẹ̀ẹ́. Ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ ti dúró dáadáa ni Orkney, àwọn erékùṣù tó wà ní àríwá Skọ́tláǹdì, níbi tí òkúta Odin ti wà rí ní Stenness, òkúta gíga tó ní ihò. Àwọn tó ń fẹ́ra á na ọwọ́ gba inú ihò náà, wọ́n á di ara wọn mú, wọ́n á sì búra. Àgbẹ̀ kan fọ́ ọ ní Oṣù Kejìlá 1814, inú bí àwọn ará ibẹ̀ gidigidi. Àwọn Norse, ìyẹn àwọn ará Skandinéfíà àtijọ́, ló gbé Orkney dàgbà ju Celtic lọ, ẹ má sì pe òkúta náà ní ti Celtic lójú ọmọ Orkney. Bí ẹ bá fẹ́ lo òkúta, ẹ mú èyí tó gba ọwọ́ méjì, tó sì tẹ́ lórí, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi sórí tábìlì. Ẹ má gbé e fún tọkọtaya dání.

Fún ẹni tó ní àna ní Wélsì, ṣíbí ìfẹ́ ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Igi ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, títí kan ṣéènì ara rẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù tí ọdún wà lára rẹ̀ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé St Fagans ní Wélsì jẹ́ ti 1667. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ohun à ń fi jẹun.

Ẹ̀ka òdòdó heather funfun ni ọkọ máa ń fi sí àyà kóòtù. Ọmọọba Frederick ti Prussia fún ọmọbìnrin Ayaba Victoria ní ẹ̀ka kan nígbà tó ń tọrọ rẹ̀ ní Balmoral, ibùgbé ayaba ní Skọ́tláǹdì, ní 1855, àṣà náà sì gbajúmọ̀ sí i. Ẹ rà á lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ fi sínú omi, kí ẹ so ó mọ́ kóòtù láàárọ̀. Ó máa ń re.

Bí ọkọ̀ ìyàwó bá ń lọ, bàbá ìyàwó tàbí ọkọ fúnra rẹ̀ máa ń da owó ẹyọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé láti ṣà. Scramble ni wọ́n ń pè é. Àlejò Yorùbá á rí i, á rẹ́rìn-ín, á sì nawọ́ sí àpò. Ẹ sọ fún wọn pé ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, kì í ṣe iwájú orí, àti pé owó ẹyọ ni. Kí wọ́n dà á sí ìhà kan tó jìnnà sí ọkọ̀, kí awakọ̀ má sì tẹná bọ ọkọ̀ títí àwọn ọmọ á fi ṣà á tán.